Yàrá Mi Nílé àti Àwọn Àlejò Etí Òkun

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti etí òkun Port-Bouët, ní Àbíjàn níbí. Mo kí Làmídì àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo ará ilé, láti orí àgbà dé orí èyí tó ń rá kòrò. Ṣé eegun le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Bí ẹ bá ń béèrè èmi, ara mi le, ọkàn mi nìkan ni ò dúró síbi tí mo wà.

Làmídì pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá ilé, ẹ sì fẹ́ fún un ní yàrá mi, pé ẹ ní kí òun kọ́kọ́ bi mí. Mo ní ṣé ẹ ò lè bi mí fúnra yín ni. Ó ní ojú ń tì yín. Mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan yàrá yẹn, mo sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Làmídì ka lẹ́tà yìí fún yín tán ná.

Ẹ mọ̀ pé mo ti fi ọjà tí mò ń tà ní Adjamé sílẹ̀. Ilé kan ni mò ń tọ́jú báyìí. Màdáàmù tó ni ín ń gbé ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó. Àwọn tó fẹ́ najú ló ń wá gbà á fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, wọn á sì kó ẹrù wọn lọ. Èmi ni mò ń fọ aṣọ ibùsùn, èmi ni mò ń gbá yanrìn, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń sùn. Ẹ ti bi mí rí pé kí ni wọ́n ń wá lọ sílé onílé. Fèrèsé tó kọjú sí omi ni wọ́n ń fẹ́. Wọn ò ní tíì bọ́ bàtà tí wọ́n á ti béèrè bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fẹ́ ẹja tútù, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí ẹja náà máa wò wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ìró òkun lòun tìtorí ẹ̀ wá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní ṣé a ò lè dín in kù ni. Mo ní kó lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́ o, kí iṣẹ́ má baà bọ́.

Ohun tí wọ́n fẹ́ jù ni kí ilé náà dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí. Irun kan ṣoṣo nínú balùwẹ̀, ẹjọ́ ni. Ẹni tó bá lọ láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ nu ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹlòmíì tó dé lọ́sàn-án. Nígbà tí Làmídì dá ọ̀rọ̀ yàrá sílẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, pé wọ́n fẹ́ nu ojú ẹsẹ̀ mi kúrò nílé Màámi.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá nìkan lè ṣe. Obìnrin kan dá wá láti ìlú òyìnbó. Nílé wa, ta ní ń fi àlejò sílẹ̀ kó dá jókòó bí ẹni tí wọn ò kí káàbọ̀? Tó bá jókòó, mo kí i kú ìjókòó. Tó bá tinú omi bọ̀, mo kí i kú ìwẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń wá Faransé sí. Mo gbé àga ti tirẹ̀, mo béèrè ọmọ, mo béèrè ìyá. Nígbà tó lọ tán, ó kọ̀wé pé ilé dára, òkun dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú ilé ò jẹ́ kí òun sinmi. Màdáàmù pè mí, ó ní nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà bi obìnrin yẹn ní nǹkan kan ló ṣe sanwó. Láti ìgbà náà ni mo ti pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ẹnu mi, Màámi.

Òjò ò dáwọ́ dúró níbí. Aṣọ ò gbẹ, iyọ̀ òkun ń jẹ kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí n kò bá ní àlejò, mo máa ń wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tibí, lọ sọ́dọ̀ Àńtí Ràbí ní Abobo lọ́hùn-ún, kí n ṣáà lè gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, Faransé ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ọjọ́ kẹta tí Làmídì pè ni àwọn kan gbé ìyá wọn wá síbí láti sinmi. Ìyá náà á tó yín lọ́jọ́ orí. Tó bá fẹ́ gbé àwo, wọ́n á gbà á. Tó bá dìde, wọ́n á ní kó jókòó. Ó wá ń wo omi bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Nígbà tí wọ́n lọ wẹ̀, ó yọ́ wá bá mi nílé ìdáná, ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní nǹkan ṣe. Mo fún un ní àlùbọ́sà àti ọ̀bẹ. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ń gé e, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbà yìí ni ara tó tu òun. Èmi náà sunkún, n kò sì gé àlùbọ́sà kankan.

Ẹ rántí ìgbà tí mo wálé gbẹ̀yìn, ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ẹ bo ẹran mi lọ́tọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tuntun sí ibùsùn mi. Mo mú ìgbálẹ̀, ìyàwó Làmídì gbà á. Mo gbé korobá, ẹ̀yin fúnra yín ní kí n gbé e sílẹ̀, pé àlejò ni mí. Ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wá, irọ́ ni mò ń pa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún pè mí lálejò nílé tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Mo fi lẹ́tà yìí sójú ayé kí ẹlòmíì náà lè kà á, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn odi ni irú èyí wà nínú wọn, tí wọn ò rí i sọ.

Nítorí náà, mo ti yí ohùn padà; yàrá kọ́ ló ń sọni di ọmọ ilé. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní yàrá náà. Ẹ kó ẹrù mi síbi tó bá wù yín. Mo ti tọrọ ààyè, Màdáàmù sì ti gbà. Tí òjò yìí bá ti lọ, mò ń bọ̀. Lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ni n ó máa sùn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Làmídì pé kó má bínú, ẹ kí gbogbo ará àdúgbò, ẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó bá ti kó dé. Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Lọ́jọ́ tí mo bá wọlé, ẹ rán mi níṣẹ́ kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́