Sítáǹdì Méjì Tí N Ò Rà

Ilé Kẹrìnlá, Àdúgbò Olúfọlákẹ́,
Àìlégún, Èjìgbò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Kúnbi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àbúrò ẹ tó máa ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́? Ṣé Ìwó ti mọ́ ẹ lára, àbí o ṣì ń sunkún Èkó? Mo mọ̀ pé ó máa yà ẹ́ lẹ́nu pé Roqeebah ò pè, lẹ́tà ló kọ bí àwọn àgbàlagbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ṣeé sọ lórí fóònù nílé wa. Yàrá kan náà ni gbogbo wa wà. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì fà á ya lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé ò kúkú lè dá mi lóhùn.

A wà láàyè, àmọ́ a ò gbádùn. Bàbá mi fara pa lọ́wọ́ òsì, ìka méjì ló fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Alameen ti kúrò nílé. Èmi ni mo fà á, Kúnbi, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ̀.

O rántí Míkírà, mọ́tò kékeré Bàbá mi tí wọ́n fi ń kó èrò láti Òkè-Àfá lọ sí Ìsọlọ̀, èyí tí o máa ń pè ní páálí ìṣáná. Látìgbà tọ́dún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ń sùn jù. Wọ́n á tún apá ọ̀tún ṣe lónìí, apá òsì á máa dún lọ́la. Bàbá mi wá bínú. Wọ́n ní àwọn kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún méjì ní Ṣakí kí àwọn tó wá sí Èkó, àwọn ò tíì gbàgbé gbogbo ẹ̀, àwọn á ra irinṣẹ́, àwọn á sì máa tún mọ́tò àwọn ṣe níwájú ilé.

Èmi ni wọ́n rán lọ́jà, torí Alameen wà ní Apákùn níbi tó ti ń kọ́ télọ̀. Inú mi dùn gan-an. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé, kò sẹ́ni tó fi nǹkan gidi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n là á yé mi. Jákì tí epo bá ń sun lẹ́nu ẹ̀, kí n má gbà á, bó ti wù kí wọ́n kùn ún lọ́dà tó. Sípánà, kí n gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo, kí n má wo dídán. Àmọ́ ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni sítáǹdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń tì sábẹ́ mọ́tò lẹ́yìn tí jákì bá ti gbé e sókè. Wọ́n ní, "Roqeebah, jákì ń gbé mọ́tò ni, sítáǹdì ló ń dì í mú. Bówó ò bá tó, fi sípánà sílẹ̀, ra sítáǹdì méjì." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ní Ọ̀shòdì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Diamond. Èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi jó. Mo yẹ ẹnu jákì wò, kò sun epo. Wọ́n gbé sítáǹdì méjì jáde, dúdú, ọ̀kan ní àmì ibi tí nǹkan ti ha á lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣí àpótí pupa kan. Kúnbi, sípánà inú ẹ̀ ń dán bíi síbí ilé ìyàwó! Wọ́n ní bí mo bá gba àpótí náà, àwọn á fún mi ní èènì. Èènì ata, èènì gààrí ni mo mọ̀, n ò rí èènì tó ń tan iná rí. Iná tí wọ́n ń so mọ́ orí ni. Ìwọ náà mọ yàrá wa tí kò ní fèrèsé, bó ṣe jẹ́ pé lọ́sàn-án gan-an, mi ò lè rí ohun tí mò ń kọ.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè ra àpótí kó tún ra sítáǹdì. Mo ní sítáǹdì ni bàbá mi ní kí n rà.

Ẹ̀rín pa Ìyá Diamond. "Sítáǹdì kẹ̀? Ṣé gáréèjì ni bàbá ẹ fẹ́ ṣí? Ta ló ń lo sítáǹdì ní Àìlégún yín? Búlọ́ọ̀kù kún gbogbo ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mi, má lọ o, má ba ọjà àárọ̀ mi jẹ́."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi dá sítáǹdì náà padà sílẹ̀, mo sì gba àpótí pupa náà.

Mo délé, mo ní kò sí sítáǹdì. Bàbá mi ní, "Ní gbogbo Ọ̀shòdì?" Mo ní, "Ní gbogbo Ọ̀shòdì, Bàbá." Wọ́n gbé sípánà kan, wọ́n ní ó fúyẹ́. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí Alameen wá búlọ́ọ̀kù tí kò sán wá, ó sì gbé méjì wá láti ilé àkọ́kù tó wà ní kọ́nà.

Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ni mò ń na sípánà sí wọn. Wọ́n gbé Míkírà lé búlọ́ọ̀kù, wọ́n yọ táyà, wọ́n wá yọ jákì kí wọ́n lè fi gbé apá kejì. Bàbá mi ti ọwọ́ bọ ibi bírékì. Búlọ́ọ̀kù dún lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì rún bíi bisikíìtì, mọ́tò wá já lé Bàbá mi lọ́wọ́ òsì. Wọn ò pariwo o. "Yéè" jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ. Ọkùnrin mẹ́rin ló fọwọ́ gbé mọ́tò kúrò.

Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, Alameen ni wọ́n kọjú sí. "Irú búlọ́ọ̀kù wo lo gbé wá? Ṣé o fọ́jú ni? O fẹ́ pa mí!" Alameen wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo wolẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó mú sísọ́ọ̀sì ẹ̀ àti aṣọ mélòó kan, ó lọ ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ̀.

Òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án. Èmi ni mò ń bá Bàbá gé ẹran wọn. Láàárọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan lo ń gbọ́ tèmi nílé yìí." Mo ṣáà ń gé ẹran lọ. Iná èènì yẹn ló sì wà lórí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti dá bírò dúró, Kúnbi. Mò ń bọ̀.

Mo ti dé. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, mo lọ gbé iná náà síwájú Bàbá mi lórí ẹní, mo sì sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo fojú ara mi rí sítáǹdì. Mo ní, "Méjì, Bàbá." Wọ́n ń fa tẹ̀súbáà, wọn ò wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí mo sọ sí ọmọ yẹn..." Wọ́n ní kí n lọ pè é wá.

Mo bá Alameen ní Apákùn, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo lọ ra sítáǹdì lọ́jọ́ Ajé ní ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ ẹ̀ wà lára àpótí sípánà, kí Bàbá má tún fi búlọ́ọ̀kù ṣe é. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyá tó ń tà á, wọ́n wá bi mí bóyá àbúrò mi ń gbádùn iná tí àwọn fún un."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Bàbá. Ó ní òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí èmi máa sọ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa sítáǹdì méjì jáde lábẹ́ máṣíìnì. Mo rí àmì híha yẹn lẹ́sẹ̀ ọ̀kan. Ó ní, "Gbé wọn lọ fún Bàbá, bá mi kí wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fi gbé tìẹ mì. Èmi náà á lo mẹ́sàn-án kí n tó wálé."

Kúnbi, sítáǹdì yẹn wúwo. Itan mi ni mo gbé wọn lé nínú kẹ̀kẹ́ títí dé ilé. Bàbá mi fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọ̀kan wò, wọ́n bi mí pé Alameen dà. Mo jíṣẹ́ tó rán mi. Wọ́n ní, "Òní á jẹ́ kan."

Bá mi kí Màmá ẹ, kó o sì bá mi fa etí àbúrò ẹ tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀. Tó o bá kà á tán, fà á ya. Ìyá Diamond ò ní gba iná yẹn padà, èmi náà ò sì fẹ́ lò ó mọ́, ojú fèrèsé ìyá onílé wa ni mo ti kọ apá tó kẹ́yìn yìí.

Èmi ni tìẹ, tó ń ka ọjọ́,
Roqeebah.