Ta Ló Ń Jẹun Lórí Àga Rẹ?

Iyọ̀-ò-tó, ọmọ mi tí kò jẹun rí kó má ráhùn,

Ṣé dáadáa lo wà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì, torí o ti tínrín jù. Èmi wà bí mo ṣe wà, eyín mi ku méjì, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fi ń kọ̀wé. Látìgbà tí o ti lọ, bisikíìtì àti tíì oníṣúgà nìkan ló ń jẹ, kò rẹ́rìn-ín, kò bú mi mọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, ògiri ló máa ń wò bí ẹni tó ń retí èsì. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, ó ní ohun téèyàn ń jẹ máa ń dé ọpọlọ, pé kó máa jẹ ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kó sì rí ẹni bá jẹun. Mo ní ikùn ni mo mọ̀ pé oúnjẹ ń lọ, ta ló wá la ọ̀nà ọpọlọ? Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ìyá rẹ ní òun ò bá èmi jẹun, pé ẹnu mi ń pariwo. Ni mo bá gbé fóònù tí ojú rẹ máa ń hàn nínú rẹ̀ sórí àga rẹ, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, mo bu oúnjẹ síwájú rẹ. O bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ní kí o dákẹ́ kí o jẹun. Ìyá rẹ jẹun lọ́jọ́ náà!

Lọ́jọ́ kejì, fóònù ti kú, ó dúdú lásán, mi ò sọ fún un. Ó ń jẹ ẹja, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní o ń ráhùn pé iyọ̀ ò tó. Mo lọ tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ìkòkò: lóòótọ́, iyọ̀ ò tó. Nígbà tí mo padà, àwo rẹ ti mọ́ tónítóní, a ti to egungun ẹja sí etí rẹ̀ bí o ṣe máa ń tò ó. Èmi kọ́. Ìyá rẹ ò dìde. Ológbò wa ti kú lọ́dún tó kọjá, kò sì mọ egungun tò nígbà ayé rẹ̀.

Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ ti kún, ó ti ń bú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kan àga rẹ lẹ́yìn oúnjẹ, ó máa ń gbóná.

Bó bá jẹ́ ìwọ lò ń wá jẹun, o káre, fi owó ẹja àti iyọ̀ ránṣẹ́, o ti ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kì í bá ṣe ìwọ, fi owó náà wọkọ̀ wálé. Mi ò lè lé ohun tó ń jókòó síbẹ̀, kí ìyá rẹ má baà padà sídìí ògiri. Ìwọ nìkan lo lè ní kó dìde lórí àga rẹ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ délé kí àga yẹn tó gbàgbé ìdí rẹ.

Èmi bàbá rẹ, eléyín méjì.