Báàgì Orí Táńkì Tí O Rà Fún Mi

Ọmọ mi,

Mo ti lọ. Báàgì tí o rà pé kí n máa gbé sórí táńkì alùpùpù mi ló wà lórí tábìlì yìí. Àánú rẹ ló ṣe mí láàárọ̀, ni mo bá ní kí n tún un dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dè é mọ́ táńkì, mo fẹ́ yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún, báàgì ní ibi kan ò ní yí. Bó ṣe tóbi tó nìyẹn! Ibi tí mo ti ń tú u kúrò ni mo ti gbọ́ nǹkan tó ń dún woroworo nínú rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù mi ni, èyí tí o ní o kò rí láti àná. O lọ kì í bọ àpò ìkọ̀kọ̀ abẹ́ báàgì, kí n má bàa rìnrìn àjò. Èmi tí mo ti ń rán báàgì tà kí n tó bí ọ! O kú ọgbọ́n o.

Báàgì kékeré tí mo fọwọ́ ara mi rán ni mo gbé. Aṣọ òjò, omi àti oògùn mi wà nínú rẹ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́. Má wulẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n dá mi padà. Àwọn gan-an ló ní kí n máa bọ̀.

Oúnjẹ wà lórí sítóòfù.

Bí o bá ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ láti fi lé mi, inú àpò ìkọ̀kọ̀ yẹn náà ló wà. Mo ti rán ẹnu rẹ̀ pa. Má wá sísọ́ọ̀sì o, mo ti mú un dání.

Ìyá rẹ