Àpótí Tó Ń Pe Ilé Yín

                                                  Nagrebcan,
                                                  Ilocos Norte,
                                                  Filipínì.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2019.

Manang Loida, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara le? Ìyá àgbà tí ẹ ń tọ́jú ní Hong Kong ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun báyìí, àbí wọ́n ṣì ń fi ṣíbí lu àwo bí ọmọdé? Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ilé. Màmá ní kí n sọ fún yín pé orúnkún àwọn ti fúyẹ́, kí ẹ má gba ẹni tó bá sọ pé àwọn ń tiro gbọ́. Wọ́n ń tiro, àmọ́ èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ewúrẹ́ yín ti bímọ, akọ méjì.

Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo tún ń fà á ya. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá ti dárúkọ Manong Pidiong, ọkọ yín, báyìí, ẹ̀ ń pa fóònù ni. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Lẹ́tà ní tirẹ̀, ẹ lè kà á díẹ̀, kí ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ tún mú un.

Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláàyù ni mo wà báyìí, níbi tí Manong ti ṣiṣẹ́. Láti ìgbà òjò ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ti ń ṣe ségesège. Òṣùwọ̀n tó wà nílé tí a ń kó áàyù sí á máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, á sì dákẹ́ lójijì, àwọn àgbẹ̀ á wá tò sínú oòrùn pẹ̀lú ìdì áàyù lórí, wọ́n á máa bú wa. Kò sẹ́ni tó mọ wáyà tó ń lọ síbo. Orí Manong nìkan ni àwòrán rẹ̀ wà, Manong sì ti gbé orí wọn lọ.

Ni Ọ̀gá Galinato, mánéjà wa, bá ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń fúnra rẹ̀ ya àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹnikẹ́ni kò ní gun àkàbà. Ńṣe ni ètò náà máa ń ké sí gbogbo ibi tí ẹ̀rọ lè wà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Ẹ̀rọ tó bá dáhùn, á yà á ní àpótí kékeré aláwọ̀ ewé, á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, á fa ìlà láti ara rẹ̀ dé ara èyí tó so mọ́. Èyí tó bá ti dáhùn rí tí kò wá dáhùn mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á di eérú. Tó bá ké dé ìparí, á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó tì í, kí n máa wá ẹ̀rọ tó bá yà káàkiri ilé, kí n lẹ orúkọ mọ́ wọn, torí pé ìkọ̀wé mi ṣeé kà.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yàwòrán, gbogbo ọ́fíìsì ló pé lé mi lórí. Ó ya ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ya òṣùwọ̀n, ó ya fóònù kan tó ń wo ìjà àkùkọ. Ọ̀gá pariwo pé, "Ta ló ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ wo àkùkọ?" Nana Sabel tó ń gbálẹ̀ fún wa tẹ orí sójú kọ̀ǹpútà. "Ọ̀gá, orúkọ yín ni mo rí níbẹ̀ yẹn o. Ṣé àkùkọ yín ló borí?" Ọ̀gá fi fóònù sápò, a sì rẹ́rìn-ín títí.

Inú ẹ̀rín yẹn la wà tí àpótí kan fi yọ lábẹ́ àtẹ̀gùn, ní yàrá wáyà. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni PIDIONG.

Manang, ẹ̀rín náà kú sẹ́nu wa. Yàrá yẹn ni, ibi tí wọ́n ti bá Manong nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àkàbà lọ́jọ́ ikú wọn. Àpótí náà jẹ́ ewé, ó di eérú, ó tún di ewé, bí ẹni tó ń mí.

"Mo wí, ẹ ní ogbó ló ń dà mí láàmú," ni Nana Sabel wí. "Ọjọ́ tí ẹ gbé e jáde níbẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ aláìsàn ni gbogbo yín ń sá tẹ̀lé. Ta ló pe orúkọ rẹ̀? Ta ló ní kó máa bọ̀? Ara lẹ gbé lọ, ẹ fi òun alára sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọmọ kékeré lásán tó bá ṣubú létí odò, a kì í gbé e kúrò níbẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀ pé, Intayon, jẹ́ ká lọ, má dúró sẹ́yìn. Manong ṣubú, ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn, kò sì sẹ́ni tó rántí pe orúkọ wọn. Nana Sabel ní àwọn ti máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń to irinṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Nana fi ń gbé atang, oúnjẹ òkú, fún Manong nínú yàrá náà láti ọdún tó kọjá, ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tí a fi àgbọn sè, pẹ̀lú ife ọtí basi kékeré. Nana nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń ti Laoag wá tún ẹ̀rọ wa ṣe pàápàá, ìta ló ń na wáyà tirẹ̀ gbà.

Ọ̀gá wúkọ́. "Ohunkóhun tí a kò bá mọ̀ lórí àwòrán yìí gbọ́dọ̀ kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Báńkì tó fẹ́ so ẹ̀rọ wọn mọ́ tiwa lọ́jọ́ náà kò ní so ó mọ́ ilé tí àlejò tí a ò mọ̀ wà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wọlé lọ yọ ọ́?" ni Nana Sabel bi wọ́n.

Ọ̀gá wo ilẹ̀kùn náà, wọ́n wá wò mí. "Perlita ni mo fi ṣe alábòójútó."

Mi ò wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń wo nǹkan pẹ́. Mo wá rí i pé ìlà kan jáde lára àpótí náà tí kò lọ sára ẹ̀rọ kankan nínú ilé wa. Ó gba orí táǹkì omi, ó jáde kúrò nínú ọgbà, ó parí sára àpótí eérú kan tó dá wà létí àwòrán. Orúkọ tí Manong fún ìyẹn ni BALAY. Ilé. Mo tẹ ìlà náà kí n lè mọ ohun tó ń gbà á kọjá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: Ṣé o wà níbẹ̀? Á dúró. Ìdáhùn ò ní wá. Á tún bèèrè. Iṣẹ́ mìíràn kò sí fún un láyé.

Mo wá mọ ilé tó ń pè.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí ìjì wó ọ̀pá iná àdúgbò yín, tí ẹ wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú Màmá, tí Manong kò sì mọ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́? Ọjọ́ kejì ni wọ́n gun òrùlé. Ẹ̀yin lẹ di àkàbà mú. Ẹ ní, "Tóo bá já bọ́, mi ò ní sunkún, màá kọ́kọ́ nà ọ́ ná!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lókè, wọ́n ń yí àwo kékeré tó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ránṣẹ́ gba afẹ́fẹ́ kọjú sí èyí tó wà lórí táǹkì omi ọ́fíìsì. Wọ́n ní tí iná ilé bá tún lọ, àwọn á mọ̀ láti ẹnu iṣẹ́, àwọn á sì máa bọ̀ nílé. Nígbà tí ẹ ń lọ sí Hong Kong, ẹ pa gbogbo iná, ẹ fún Màmá ní kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni àpótí yẹn ti ń bèèrè yín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ní kí Nana Sabel ṣílẹ̀kùn. A tọrọ àyè bó ṣe yẹ, bari-bari, apo, ẹ má bínú, a fẹ́ kọjá ni. Àwo atang kún ilẹ̀, oúnjẹ inú òmíràn ti gbẹ bí èèpo igi. Mo gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ yẹn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eku ni, ìdílé odidi, wọ́n sanra bí ọmọ ológbò. Tí wọ́n bá jẹ ìrẹsì tán, wáyà ni wọ́n fi ń panu. Wọ́n ti jẹ wáyà òṣùwọ̀n dé bàbà, èyí tó lọ sára àpótí Manong náà ti fẹ́ẹ̀ já.

"Ìyẹn ni pé eku ni mo ń bọ́ láti ọjọ́ yìí?" ni Nana Sabel wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ sì bọ́ wọn yó, Nana."

Nana Sabel rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí mo tún wẹ̀yìn, ẹkún ni.

Àpótí PIDIONG gan-an, ẹ̀rọ kékeré kan, wà lẹ́yìn páìpù, kò ju páálí ọṣẹ lọ. Rọ́bà tí a fi ń di áàyù ni Manong fi dè é. Iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn.

Ọ̀gá dúró lókèèrè. "Yọ ọ́, ká sinmi."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìdáhùn ná." Ẹ mọ̀ pé èmi kì í fèsì. Ẹnu ya Ọ̀gá débi pé wọ́n gbà.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Màmá, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sílé yín. Ìtàkùn ẹ̀wà ti bo àwo orí òrùlé, mo gé e kúrò. Bàtà iṣẹ́ Manong ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, aláǹtakùn ti sọ ọ̀kan di ilé. Mi ò gbé e. Mo so ẹ̀rọ kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín, èyí tí Manong pè ní BALAY, mọ́ iná. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, iná rẹ̀ wá dúró.

Ìgbà tí mo padà dé, wọ́n ti yí tábìlì mi ká. Àpótí etí àwòrán ti di ewé. Ṣé o wà níbẹ̀? Ilé ń dáhùn: Mo wà. Ṣé o wà níbẹ̀? Mo wà. Ọ̀gá ṣí fìlà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí a ó fi jẹun ọ̀sán tán. Ọ̀gá fúnra wọn ò jẹun.

Lẹ́yìn náà ni mo tú rọ́bà yẹn, mo yọ wáyà, mo gbé e mọ́ àyà jáde. Nana Sabel ló kọ́kọ́ ké e: "Intayon, Pidiong! Máa bọ̀, má dúró sẹ́yìn!" Akọ̀wé ké e, ẹni tó ń wọn áàyù ké e. A ti dé géètì kí n tó gbọ́ ohùn Ọ̀gá lẹ́yìn wa: "Jẹ́ ká lọ, ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ ti tán." Mo ń pe Manong lọ lójú ọ̀nà títí mo fi dé ilé yín. Àwọn ọmọ iléèwé ń wò mí bí wèrè, mi ò dákẹ́. Orí ibùsùn, lápá ibi tí wọ́n máa ń sùn sí, ni mo gbé e lé.

A pààrọ̀ wáyà tí eku jẹ, òṣùwọ̀n ò dákú mọ́. Ọ̀gá mú ológbò wá, Nana Sabel sọ ọ́ ní Ẹnjiníà. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ètò náà kì í dá pa ohun tó ti rí rẹ́. PIDIONG ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn lórí àwòrán, ó ti di eérú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á bi mí pé: Ṣé kí n gbàgbé èyí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló fẹ́ gbọ́. Ọ̀gá fẹ́ kí àwòrán mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní bá mi dáhùn ìyẹn. Mo gbé ìka lé e, mo tún gbé e kúrò. Èmi kọ́ ni aya wọn.

Oṣù tó ń bọ̀ ni waksi, ayẹyẹ ọdún kan tí Manong kú, tí ẹ máa bọ́ aṣọ dúdú. Màmá ti ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan sílẹ̀ dè é. Ẹ ò tíì sọ pé ẹ̀ ń bọ̀, ẹ ò sì sọ pé ẹ ò ní wá. Mi ò fẹ́ fi ipá mú yín. Ní ti àpótí eérú yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó bá wù yín, màá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹ bá mi kí ìyá àgbà, ẹ kí Ditas tí ẹ jọ ń jáde lọ́jọ́ Àìkú. Nana Sabel ní kí n kí yín, wọ́n ní tí ẹ bá dé, kí ẹ má bi àwọn léèrè ọ̀rọ̀ eku.

Mi ò tíì pa ẹ̀rọ ilé yín, wáyà tó lọ sí àwo orí táǹkì sì ti wà lára ẹ̀rọ ọ́fíìsì báyìí. Màmá ní iná ń jó lásán, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó jó. Ìgbàkígbà tí ètò ọ́fíìsì bá ń ké káàkiri báyìí, ó máa ń dé ilé yín náà: Ta ló wà níbẹ̀? Ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ a sì dáhùn pé, Èmi. Tó bá ti kan ibẹ̀, mo máa ń wo ibòmíràn.

Àbúrò yín tó ń retí ìdáhùn,
Perlita.