Iyán Jímọ̀ọ́ Tí Mo Gún fún Akínbíyìí

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Bàrìkà,
Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 1985.

Àjàmú, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àmínà ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti san? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jí ní ìdájí lọ gbá ọgbà mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó sinmi? Ṣé òjò ń rọ̀ dáadáa ní Ìgbòho? Níbí, ó ń rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, gbogbo Bàrìkà ti di ẹrẹ̀, àwọn oníbàárà mi ń mú bàtà wọn lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ara mi le, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò le, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé sí ẹ.

Mo gba iṣu tí o fi rán dẹ́rẹ́bà, mo gba wàrà náà. Mo dúpẹ́ o, kò ní tán nílé rẹ. Mo mọ̀ pé iṣu wọ̀nyẹn ló kẹ́yìn nínú abà rẹ kí tuntun tó dé. O ní kí èmi àti Akínbíyìí àbúrò rẹ pín in, a sì pín in. Ohun tí mo fi mẹ́rin ṣe nínú tèmi ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Jọ̀wọ́, dá nìkan ka ìwé yìí, má tíì kà á sí etí Màmá.

O mọ bí mo ṣe rí láti kékeré. Ìwọ lo máa ń sọ nílé ẹ̀kọ́ pé bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ sí èèyàn, wọn ò ní rí mi mọ́. Agbowó ò yí ìyẹn padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí mo ń ránṣọ fún sọ mí ní Télọ̀ Abẹ́rẹ́, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi débi pé bí o bá béèrè Ọlábọ̀dé ní Bàrìkà, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi téèpù yí àyà àwọn ọkùnrin aláyà fífẹ̀ ká, tí mò ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, tí inú mi ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba àdúgbò Challenge lọ ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì, níbi tí Kóòṣì Olúsọjí ti ń kọ́ èèyàn ní irin gbígbé. Irú èyí tí wọ́n ń gbé ní ìdíje Òlíḿpíìkì ni o, kì í ṣe ti àwọn tó ń ki kọnkéré bọ garawa lẹ́yìn ilé.

Oṣù kan gbáko ni Kóòṣì ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin. Igi lásán ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, wọ́n á máa pariwo pé, "Ṣọ́ ìdí ẹ! Gbé àyà sókè! Fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀!" Ọ̀nà méjì la ń gbà gbé e. Ọ̀kan, a ó gbé e láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì, a ó kọ́kọ́ gbé e sí àyà, a ó mí, kí a tó tì í sókè. Kóòṣì ní ẹsẹ̀ ló ń gbé irin, apá kàn ń sìn ín délé ni. Èmi ò gbọ́. Apá ni mo wá wá, àbí ta ni yóò rí itan mi nínú ṣòkòtò? Apá náà ni mo fi ń fà á bí ẹni ń fa omi kànga. Síbẹ̀ ó ń dára díẹ̀díẹ̀. Àyà mi kúrò ní ínṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó dé márùndínlógójì. Àràárọ̀ ni mò ń wọn ara mi kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, inú mi sì ń dùn.

Ìgbà náà ni o kọ̀wé pé Akínbíyìí ń bọ̀, pé wọ́n ti gbà á sí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Onírèké, kí n máa mójú tó o. Mo kúkú mójú tó o! Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi mú un lọ sí Challenge. Kí n má purọ́ fún ẹ, mo fẹ́ kó rí mi ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan láti ilé rí Abẹ́rẹ́ níbi tó ti ń gbé irin, kó lọ ròyìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú.

Àjàmú, kí lẹ fún ọmọ yẹn jẹ nílé? Kóòṣì kó igi lé e lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ mú irin. Wọ́n ní ẹni tó ti kọ ebè láti kékeré ti mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé èmi ò kọ ebè ni? Ṣé kì í ṣe oko bàbá yín la ti jọ kọ ọ́? Oṣù mẹ́ta, ó bá mi. Oṣù kẹrin, ó kọjá lára mi. Mo ṣì ń bá kílò márùndínlọ́gọ́rin wọ̀yá ìjà, òun á gbé ọgọ́rùn-ún sí àyà, á tì í sókè, á rọra sọ ọ́ kalẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ là mí lọ́nà o." Ẹ̀rín yẹn ló ń pa mí. Ká ní ó ń fọ́nnu ni, ǹ bá rí nǹkan bá a jà sí.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, ó mú aṣọ wá pé kí n bá òun rán ẹ̀wù. Mo fi téèpù yí i láyà. Ogójì! Mẹ́rìndínlógójì ni nígbà tó dé Ìbàdàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni?" Mo ní, "Méjìdínlógójì." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n mi lójú rẹ̀, ojú wá tì mí láti yí i padà, mo bá rán ẹ̀wù náà ní méjìdínlógójì bí mo ṣe purọ́ ẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, abíyá méjèèjì ya kí aago mẹ́wàá tó lù. Jẹ́jẹ́lọlá, ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní Dùgbẹ̀, tí mo sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ wa ti ń wọ̀, gbọ́ ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Irú àyà wo ló ń ya ẹ̀wù?" Kò béèrè télọ̀ o. Àyà ló béèrè.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà tí ìdíje fi dé. Àwọn ẹgbẹ́ agbérin fẹ́ pàdé ní Ring Road ní Sátidé tó parí oṣù keje, wọn yóò sì mú àwọn tó bá gbé e dáadáa kún àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa. Ìsọ̀rí kan náà lèmi àti Akínbíyìí wà, ti àwọn tí kò wúwo ju kílò mẹ́tàdínláàádọ́rin àti ààbọ̀ lọ, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kan sì lè fi sílẹ̀ nínú ìsọ̀rí kan. Kóòṣì mú Akínbíyìí. Wọ́n ní kí èmi náà múra sílẹ̀, pé bí ìwọ̀n ò bá gba Akínbíyìí láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni màá rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ti sọ fún gbogbo Agbowó pé mò ń lọ díje. Mo ti rán aṣọ tí màá fi gbé e. Mo ti pe Jẹ́jẹ́lọlá kó wá wò mí. Mo fẹ́ kí orúkọ Abẹ́rẹ́ yẹn kú lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ ni iṣu rẹ dé. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó, èrò burúkú bá wọ inú mi. Mo mọ̀ pé Akínbíyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ìwọ̀n. Ọmọ Ìgbòho wo ló sì máa rí iyán tó máa yíjú?

Mo pè é ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́. Mo yá odó ìyá onílé, èmi fúnra mi ni mo gún un, iṣu ńlá mẹ́rin. Mo se ẹ̀gúsí, mo kó wàrà yín sí i, mo fi ẹran ẹtù dé e lórí. Akínbíyìí rí i, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé, kò sẹ́ni tó gún iyán fún òun. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní kó bá mi lórí ìwọ̀n lọ́la?" Mo ní, "Èwo ló máa kù níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá fi mọ́? Jẹun jàre."

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí. Mo gbàgbé pé inú àwo kan náà la ó ti jẹ ẹ́. Ìwọ náà mọ ilé yín: Màmá ti kọ́ yín pé bí ọwọ́ onílé bá ti kúrò nínú àwo, ti àlejò ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Mo jẹ òkèlè mẹ́fà, mo na ọwọ́ sí omi. Akínbíyìí na tirẹ̀ náà. Mo yára dá ọwọ́ padà sínú iyán, òun náà dá tirẹ̀ padà. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, ẹ̀gbọ́n ń jẹ kí àbúrò má baà dúró, àbúrò ń jẹ torí pé ẹ̀gbọ́n ń jẹ, títí a fi rí ìdí àwo. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Tèmi, orí ìwọ̀n ni mo rù ú lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, Akínbíyìí gun ìwọ̀n, ó fi ààbọ̀ kílò kọjá. Inú mi dùn, Àjàmú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o mọ irú inú dídùn bẹ́ẹ̀ láyé rẹ. Kóòṣì fajú ro, wọ́n ní, "Ọlábọ̀dé, ó yá, ìwọ gùn ún." Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo gùn ún. Odindi kílò kan lèmi fi kọjá! Kóòṣì wò mí, wọ́n wo Akínbíyìí, wọ́n ní, "Kí lẹ̀yin méjèèjì jẹ?" Wọ́n ní wákàtí kan ló kù kí wọ́n gbé ìwọ̀n kúrò, kí a tètè lọ làágùn.

A wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá ká. Kí èyí yé ẹ dáadáa: n kò bá a sáré nítorí rẹ̀. Mò ń sáré kí ìwọ̀n lè gba èmi, kó má sì gba òun. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tó bojú wẹ̀yìn, tó rí mi tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dúró o!" á tún gbéra. Ó rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni! Kò mọ̀ pé ìlara ló ń lé òun bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wákàtí pé, ó gun ìwọ̀n, mẹ́tàdínláàádọ́rin àti ààbọ̀ gééré. Èmi gùn ún, ó ṣì lé díẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Mo jókòó, mo wo gbogbo rẹ̀. Mo rí i bó ṣe gbé kílò àádọ́fà sí àyà, tó mí, tó tì í sókè, tí apá rẹ̀ dúró gbọnyin lókè. Àwọn èèyàn hó yèè. Ó ṣe ipò kejì, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ìpínlẹ̀ yóò pè. Jẹ́jẹ́lọlá tí mo pè kó wá wò mí jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ó ń bi mí bóyá Akínbíyìí ti ní àfẹ́sọ́nà.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò sí ibi tó dé tí kò ti ròyìn mi. Ó ní iyán tí mo gún ni òun fi lágbára, pé nígbà tí iyán náà fẹ́ dójú ti òun, èmi tí mo ti pàdánù àyè tèmi ni mo tún bá òun sáré. Ó ti kọ ọ́ sí Màmá, bóyá ìwọ gan-an lo kà á fún wọn. Lánàá, dẹ́rẹ́bà dé, ó ní Màmá ní kí òun kí mi, pé àwọn gbàdúrà fún mi ní mọ́ṣáláṣí, pé itan àgbò Iléyá, tèmi ni. Àjàmú, mi ò lè jẹ itan yẹn, yóò há mi lọ́fun. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi rán Akínbíyìí nígbà tó bá wálé wá ṣọdún. Bí o bá fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, sọ ọ́; bí o bá fẹ́ bò mí láṣìírí, màá dúpẹ́. Ìwọ ṣáà gbọdọ̀ mọ̀, torí ìwọ lo fi àbúrò rẹ lé mi lọ́wọ́. Má sì rò pé ìlara náà ti tán o. Kò tán. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bá mi kí Àmínà, kó máa fi òrí pa orúnkún náà. Kí gbogbo agboolé yín, ilé Ọ̀ṣuntóyìn. Bá mi kí Màmá, ṣùgbọ́n rọra kí wọn.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé lọ́sàn-án yìí kí Akínbíyìí tó wọlé. Ó mú aṣọ funfun kan wá, ẹ̀wù Iléyá ni. Mo yára fi ìwé ìwọ̀n mi bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, mo fi téèpù yí i láyà. Ó dúró jẹ́ẹ́, kò béèrè iye tó jẹ́. Èmi ni mo la ẹnu. Mo ní, "Mọ́kànlélógójì ni, Akínbíyìí. Ti oṣù kẹrin yẹn náà, ogójì ni, kì í ṣe méjìdínlógójì tí mo pè fún ẹ." Ó wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Ẹ̀wù yẹn ti sọ fún mi."

Mo kọ mọ́kànlélógójì sínú ìwé. Mi ò bi í bóyá iyán náà sọ nǹkan kan fún un.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,

Ọlábọ̀dé Abẹ́rẹ́.