Ẹ Má Pe Mẹkáníìkì Mọ́

Baálé mi,

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré àtijọ́ yín yẹn o. Kò kú rárá.

Mo tan án láàárọ̀ yìí nígbà tí ẹ ṣì ń hanrun. Èéfín bo gbogbo gáréèjì, ṣùgbọ́n ó dà bí aró, kò funfun. Ìyẹn ni pé omi kọ́ ló wọ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ló ń jó. Mo yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì wò: ọ́ìlì ti kọjá àmì lọ fíìfíì! Ìgbà yẹn ni mo rí kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tí ẹ fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ń bu sí i kí ẹ má baà dààmú, ẹ̀yin náà ń bu sí i kí n má baà ní kí ẹ tà á. A bọ́ ọ ní àbọ́jù, ṣé kò ní gùnfẹ̀ ni?

Mo ti fa èyí tó lé jáde sínú ike tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má fẹsẹ̀ gbá a. Táwẹ̀lì funfun yín ni mo fi nuwọ́, ẹ má bínú.

Mo fi ọkọ̀ náà yí àdúgbò po, èéfín ti dá. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri. Òun ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì.