Gíláàsì Datsun Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta, 1998

Tíṣà Ofosuhene gbé Ìyàwó Kékeré wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. Orúkọ tí àwa mẹkáníìkì Suame fún Datsun, ọkọ̀ rẹ̀, nìyẹn, nítorí bó ṣe ń kẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́tàlélógún, ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ó ní kí n yọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí fèrèsé, kí n sọ ọ́ di èyí tó ń lo iná.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Tíṣà, ṣé arúgbó ọkọ̀ yìí náà fẹ́ máa ṣe fáàrí ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tìtorí Maame Serwaa, ìyàwó rẹ̀, ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lọ́dún tó kọjá, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀: "Ó dára." Ebi ń pa á, ó dára. Ó ń jẹ̀rora, ó dára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ooru mú un nínú ọkọ̀ títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀. Kò lè yí fèrèsé, kò lè sọ fún ẹni tó ń wakọ̀.

"Bọ́tìnì kékeré kan, níbi tọ́wọ́ òsì rẹ̀ á tó. Ìyẹn nìkan ni mò ń wá. Ṣé o ti ṣe irú rẹ̀ rí?"

Mo ní mo ti ṣe é rí.

Mi ò ṣe é rí. Èyí tó bàjẹ́ nínú ọkọ̀ tuntun ni mo máa ń tún ṣe. Kí n fi sínú ọkọ̀ tí kò ní irú rẹ̀ látilẹ̀ — rárá. Ẹni tó kọ́ mi ní A, B, D ni mo purọ́ fún yẹn.

Ìṣẹ́gun, 3

Mo tú ẹ̀rọ kékeré méjì lára ọkọ̀ kan tó ti kú, pẹ̀lú irin tó ń gbé gíláàsì. Irin náà gùn ju inú ilẹ̀kùn Datsun lọ. Nimo, ajórin ẹ̀gbẹ́ mi, gé e, ó jó o pọ̀. "Amponsah, ẹsẹ̀ ẹṣin lo fẹ́ fi sára ewúrẹ́ yìí o." Mo ní kó dákẹ́, kó máa jórin rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Orí mi wú. Ó ku ti ẹ̀gbẹ́ Maame.

Ọjọ́rú, 4

Dapaah yà kí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Maame Serwaa ni, ó ń wakọ̀ èrò ní gáréèjì. Ojú Tíṣà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, nítorí náà Dapaah ló ń wa Datsun bí ọ̀nà bá jìn. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, òun ló ń pọn ìyá náà láti iyàrá dé ìta, tí ó ń gbé e lọ sí ọsibítù níbi tí wọ́n ti ń bá a na apá. Bí Datsun kò tilẹ̀ sí nílé, takisí ni wọ́n bá lọ lónìí. Ó gbé kẹ́ńkè, òkèlè àgbàdo, àti ẹja díndín wá fún mi. "Ọ̀gá, ẹ jẹun. Ọwọ́ tébi ń pa kì í lè de nọ́ọ̀tì."

Mo jẹ ẹ́. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 5



Wọ́n gbé Maame wá ká lè mọ ibi tí bọ́tìnì máa wà. Dapaah pọ̀n ọ́n wá sórí bẹ́ńṣì mi, ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta táyà ní òdìkejì. Ó ku èmi àti Maame. Mo so wáyà pọ̀, gíláàsì gòkè dé ìdajì, ó há. Ó yẹ kí n tú u. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tú u. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Tíṣà bá a ní ṣíṣe nígbà tó bá dé. Mo ki irin bọ abẹ́ rẹ̀, mo fi agbára tì í sókè.

Ó fọ́ wẹ́wẹ́. Bí ẹni da iyọ̀ sílẹ̀.

Tíṣà sáré dé. Ẹnu mi ti ṣí kí n tó ronú. Mo ní etí gíláàsì náà ti sán nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú ilẹ̀kùn ló wà, kò sẹ́ni tó lè rí i. Mo ní ẹni tó bá fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn ló ń ṣe irú rẹ̀. Mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ló bá tú.

Tíṣà ní, "Dapaah ló gbé ọkọ̀ yìí lọ síbi ìsìnkú ní Mampong lọ́jọ́ Sátidé."

Mi ò dárúkọ Dapaah. Mi ò sì sọ pé kì í ṣe òun.

Tíṣà yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó béèrè bóyá ó farapa. "Ó dára," ni Maame wí. Ojú mi ló ń wò. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ṣojú rẹ̀.

Ẹtì, 6

Ọjọ́ Òmìnira orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé yan kọjá. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Sátidé, 7

Nimo ló mú ìròyìn wá. Tíṣà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Dapaah níwájú gbogbo àwọn tó háyà ilé rẹ̀. Dapaah ní òun kò gbá ilẹ̀kùn kankan. Tíṣà ní kì í ṣe gíláàsì ló ń dun òun, irọ́ tó pa ló ń dun òun, kó má ṣe tẹ ilé òun mọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́.

Nimo ní, "Àwọn awakọ̀ yìí, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ajé, 9

Mo wá gíláàsì kiri. Mo rí ọ̀kan ní Ejisu, lára Datsun kan tí ewéko ti hù bò lẹ́yìn ilé káfíńtà kan. Mo sọ fún Tíṣà pé mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní òun máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé nínú gbogbo ọmọ tí òun kọ́, ẹ̀rí ọkàn Amponsah yàtọ̀.

Mo béèrè bóyá Maame lọ na apá lónìí. Ó ní rárá. Òun ò lè pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn òun ò gbé e mọ́.

Ọjọ́rú, 11

Kò tún lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo parí rẹ̀. Fíúsì tirẹ̀ lọ́tọ̀, wáyà tó nípọn, irin tí mo tún gé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó má baà há mọ́. Iṣẹ́ tó mọ́ jù lọ tí mo ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti Nimo gbé Maame sí ìjókòó rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ bọ́tìnì. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ bíi ìgbà mẹ́wàá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

Apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan. Àwọn ìka ti ká wọnú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọn ò rí bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 14

Mo lọ bá Dapaah ní gáréèjì. Mo ti to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti ilé. Ó rí mi lókèèrè, inú rẹ̀ dùn. "Ọ̀gá, wọ́n ní fèrèsé ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ìyá fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ra omi mu, mo wálé. Ojo ni mí.

Àìkú, 15

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ajé, 16

Mo lọ sílé Tíṣà láàárọ̀ yìí. Mo bá Dapaah nínú ọgbà, ó pọn Maame sẹ́yìn, ó ń gbé e lọ sínú Datsun. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ayọ̀ sọ nínú mi, ayọ̀ burúkú. Ọ̀rọ̀ ti parí fúnra rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Tíṣà fà mí mọ́ra. "Ó wá lánàá. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ló gbá ilẹ̀kùn ní Mampong, pé ẹnì kan ló múnú bí òun. Mo ti dárí jì í. Ọmọ tó bá jẹ́wọ́, ọmọ náà ni."

Dapaah ń to ẹsẹ̀ ìyá náà sínú ọkọ̀. Kò gbójú sókè.

Nígbà náà ni mo sọ ọ́. Irin tí mo kì bọ abẹ́ gíláàsì, irọ́ tí mo pa, àti ti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé mi ò ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Ohùn mi kéré, mo tún un sọ kí ó lè gbọ́.

Tíṣà kò wò mí. Dapaah ló wò. "Kí ló dé tí o fi jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe?"

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ò lọ. Ní ọsibítù, wọ́n ní bí ìka ìyá bá ká tán, kò ní í ṣeé nà mọ́." Ó ti ilẹ̀kùn Datsun, jẹ́jẹ́. "Mo ti sọ òótọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò gbà á. Mo wá sọ èyí tẹ́ ẹ máa gbà."

Tíṣà yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú sálúbàtà, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ níwájú ọmọ àna rẹ̀, bí a ti ń dúró níwájú ọba nígbà tí a bá jẹ̀bi. Dapaah ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ wọ bàtà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín." Kò wọ̀ ọ́.

Wọ́n lọ. Ó ku èmi àti òun nínú ọgbà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Máa lọ, Amponsah. Èmi ni mo lé ọmọ náà. Ìwọ mọ òótọ́, o kàn dúró, ò ń wò mí ni."